Ta Ló Wọn Agbára Ẹ́ńjìnnì Yìí?

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín àwa tí a fẹ́ràn géèmù bàlúù ogun: èwo ló jọ òtítọ́ jù lọ nínú wọn? Ẹnìkan á ní Ace Combat, nítorí pé àwòrán rẹ̀ dán. Ẹlòmíì á ní War Thunder. Àwọn tó ní kọ̀ǹpútà alágbára á ní DCS World ni, wọ́n á sì máa wo àwa yòókù bí ọmọdé tó ń fi páálí ṣe mọ́tò. Bí ẹ bá fẹ́ mọ géèmù tó ń purọ́, ẹ fi àwòrán sílẹ̀ ná. Ẹ wo ẹ́ńjìnnì. Ẹ bi í pé: agbára mélòó lo fi ń ti bàlúù yìí síwájú, ta ló sì wọ̀n ọ́n fún ọ?

Ọmọ Òrò ni wá, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, iṣẹ́ kóòdù la sì fi ń jẹun. Kò sí ẹni tó wa bàlúù ogun rí nínú wa. Ohun tí a mọ̀ dáadáa ni bí nọ́ńbà ṣe ń wọ inú kọ̀ǹpútà, àti pé nọ́ńbà kì í ṣàdédé wá. Ẹnìkan ló wọ̀n ọ́n, níbì kan, lábẹ́ ojú ọjọ́ kan. Ìtàn nọ́ńbà yẹn la fẹ́ sọ, nítorí ó kan àwọn bàlúù tó fò lójú ọ̀run tiwa gan-an.

Ẹwìrì tó ń fò

Thrust ni òyìnbó ń pè é. Níhìn-ín, ìtì la ó máa pè é, ìyẹn agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń ti bàlúù síwájú. Kì í ṣe ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ o.

Ẹni tó bá ti jókòó sí àgbẹ̀dẹ rí ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Ẹwìrì ń fa afẹ́fẹ́, ó ń fẹ́ ẹ sínú iná, iná á sì ràn. Ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì náà ń fa afẹ́fẹ́ wọlé níwájú, ó ń fún un pọ̀, ó ń da epo sí i, ó ń sun ún, ó sì ń tú u sẹ́yìn pẹ̀lú eré tó ju eyí tó bá wọlé lọ. Bó ṣe ń ju afẹ́fẹ́ sẹ́yìn ni bàlúù ń lọ síwájú. Afterburner ni iná kejì tí wọ́n dá sí ìdí ẹ́ńjìnnì: wọ́n á tún da epo sínú afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń jáde lọ. Ìtì á lé sí i gan-an, ṣùgbọ́n epo á máa lọ bí ẹni da omi nù.

Ẹ ti rí i báyìí pé ìtì kì í ṣe nọ́ńbà kan ṣoṣo. Bí bàlúù bá gòkè, afẹ́fẹ́ á fẹ́lẹ́, ìtì á dín. Bí eré rẹ̀ bá pọ̀, afẹ́fẹ́ tó ń rọ́ wọ ẹnu ẹ́ńjìnnì á tún yí ìtì padà. Bí ooru bá mú, afẹ́fẹ́ á fẹ́lẹ́ náà, àní lórí ilẹ̀. Bí awakọ̀ bá sì ti ọ̀pá epo síwájú, ẹ́ńjìnnì kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí dé ibi tó yẹ. Géèmù tó bá fi nọ́ńbà kan pere bo gbogbo èyí mọ́lẹ̀, ìran ló ń fi hàn wá.

Láti ariwo dé àtẹ

Ìran yẹn náà la kọ́kọ́ ń wò. Ní 1980, Bruce Artwick gbé Flight Simulator jáde fún kọ̀ǹpútà Apple II. Ìrántí kọ̀ǹpútà yẹn kéré débi pé fọ́tò kan tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láàárọ̀ yìí kò lè gba inú rẹ̀. Ó gbìyànjú gidi pẹ̀lú ìwọ̀nba tó ní, ṣùgbọ́n kò sí ààyè fún ìtàn ẹ́ńjìnnì níbẹ̀. Ní 1987, Sega gbé After Burner wá sí ilé géèmù. Ẹ wo orúkọ náà: nǹkan tó ń sun epo ní ìdí ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi sọ géèmù lórúkọ, síbẹ̀ nínú èyí àkọ́kọ́, ẹni tó ń gbá a kò tilẹ̀ ní ọ̀pá epo lọ́wọ́. Ìgbà tí After Burner II dé ni wọ́n fún un láṣẹ láti yí eré padà. Títí di ìgbà yẹn, ariwo àti iná pupa ni afterburner.

Ọdún 1987 yẹn náà ni Falcon jáde, géèmù F-16 láti ọwọ́ Spectrum HoloByte. Nígbà tí Falcon 3.0 dé ní 1991, wọ́n fi ọ̀nà ìfò kan sínú rẹ̀ tó le débi pé kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní ẹ̀yà ọ̀tọ̀ tó ń ṣe ìṣirò onídẹ́símà kó tó lè gbé e. Ẹ fojú inú wò ó: ẹnìkan á ra ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tuntun nítorí kí bàlúù inú géèmù lè fò bí bàlúù. Falcon 4.0 tẹ̀ lé e ní oṣù kejìlá 1998. Ní 2000, kóòdù rẹ̀ jò síta, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ gbé e, wọ́n sì ń tún un ṣe títí di òní lábẹ́ orúkọ BMS. Ẹni tó bá ṣí fáìlì bàlúù nínú ìdílé géèmù yẹn á bá àtẹ nọ́ńbà pàdé: gíga lápá kan, eré lápá kejì, ìtì láàárín. Ibí yìí ni ìtì ti kúrò ní ariwo, tó di àtẹ.

Ta ló wá ni àtẹ náà? Ní 1979, NASA, àjọ òfúrufú Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde nípa F-16 nínú símúlétọ̀, bó ṣe ń ṣe nígbà tí apá rẹ̀ kò bá lè gbé e mọ́. Wọ́n kó ìtì ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn olùkọ́ yunifásítì gé e kúrú sínú ìwé ẹ̀kọ́: àtẹ mẹ́ta, ọ̀kan fún ìgbà tí ẹ́ńjìnnì kàn ń mí, ọ̀kan fún agbára rẹ̀ láìsí afterburner, ọ̀kan fún ìgbà tí afterburner ń jó. Nọ́ńbà 36 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 108 lápapọ̀. Àròkọ tí ẹ ń kà yìí gùn jù ú lọ.

Ohun tó wà nínú àtẹ yẹn yẹ kó pa àríyànjiyàn mọ́ni lẹ́nu. Ẹni tó ń ta ẹ́ńjìnnì F-16 ìgbà yẹn á sọ fún yín pé ìtì rẹ̀ tó bíi 23,800 pọ́n-ùn. Nínú àtẹ, bí bàlúù bá dúró sójú kan lórí ilẹ̀ tí afterburner sì ń jó, 20,000 ló kọ síbẹ̀. Ibo ni ìyókù lọ? Wọ́n wọn ẹ́ńjìnnì ti ọlọ́jà níbi tó dá dúró lórí àga ìdánwò, tó ń mí fàlàlà. Ti àtẹ jẹ́ ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ikùn bàlúù, tó ń fi ihò bàlúù mí, tó sì tún ń bá bàlúù gbé ẹrù míì. Bí bàlúù náà bá wà ní 50,000 ẹsẹ̀ bàtà láìsí eré, 2,500 ló kù. Bó bá sì ń sá nílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ohùn ṣe ń sá, ó ju 28,000 lọ. Bàlúù kan náà ni, ẹ́ńjìnnì kan náà ni. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ń ka ìtì láti ẹ̀yìn páálí géèmù fún yín, ẹ bi í pé: ní gíga wo? Ní eré wo? Lórí àga àbí nínú bàlúù?

Àtẹ F-16 yẹn wà lọ́wọ́ gbogbo ayé nítorí pé ìjọba kan tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀pọ̀ àtẹ míì wà lábẹ́ títì. Ará Rọ́ṣíà kan tó ń bá iléeṣẹ́ tó ṣe DCS ṣiṣẹ́ ra ìwé ìtọ́sọ́nà F-16 lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n mú un ní orílẹ̀-èdè Jọ́jíà, wọ́n gbé e lọ sí Amẹ́ríkà ní 2019, ó sì gbà níwájú adájọ́ pé òun jẹ̀bi. Láti 2021 sì ni àwọn tó ń gbá War Thunder ti ń gbé ìwé àwọn ológun tí kò yẹ kó jáde síta, kí wọ́n lè borí nínú àríyànjiyàn lásán. Ẹ má ṣe é o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rí ohun tó ń sọ: òtítọ́ inú géèmù kò lè kọjá òtítọ́ tí àwọn tó ni ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ kí ayé mọ̀.

Klimov lójú ọ̀run Nàìjíríà

Ẹ wá jẹ́ ká bọ̀ wá sílé. Oṣù kẹrin 1964 ni wọ́n dá Iléeṣẹ́ Ológun Òfúrufú Nàìjíríà sílẹ̀, àwọn ará Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn ló sì kọ́kọ́ ń kọ́ wọn níṣẹ́. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1967, kò sí bàlúù ìjà lọ́wọ́ wọn. Nàìjíríà béèrè lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, béèrè lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, wọn kò tà á. Sófíẹ̀tì tà á. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ọkọ̀ òfúrufú akẹ́rù bẹ̀rẹ̀ sí í já MiG-17 sílẹ̀ ní Kánò, pẹ̀lú L-29 láti Czechoslovakia. Àwọn ará Íjíbítì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wà wọ́n.

Ohun tó dùn nínú ìtàn yìí nìyí. Ní 1946, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ Clement Attlee gbà kí Rolls-Royce ta ẹ́ńjìnnì Nene fún Sófíẹ̀tì. Iléeṣẹ́ tí Vladimir Klimov ń darí tú u palẹ̀, wọ́n ṣe irú rẹ̀, wọ́n tún un ṣe sí i títí ó fi di VK-1. Ọmọ rẹ̀ tó ní afterburner, VK-1F, ni wọ́n fi sínú MiG-17F: 2,600 kílò ìtì láìsí afterburner, 3,380 bí iná kejì bá ràn. Gẹ̀ẹ́sì tó kọ̀ láti ta jẹ́ẹ̀tì fún Nàìjíríà, ẹ́ńjìnnì tí ìran rẹ̀ ti ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ wá ló ń bú lójú ọ̀run Nàìjíríà. Bí ẹ bá wa MiG-15bis nínú DCS, VK-1 yẹn náà lẹ ń gbọ́.

A ò sọ èyí bí ẹni ń yin ogun. Bọ́ǹbù bọ́ sórí ọjà àti ilé ìwòsàn ní Biafra, àwọn ènìyàn tó kú níbẹ̀ kò sí nínú àtẹ kankan. Ìdí tí a fi sọ ọ́ ni pé ìtàn wa ni, a sì gbọ́dọ̀ mọ gbogbo rẹ̀, títí kan irin tó gbé e fò.

Àwọn míì tẹ̀ lé e. MiG-21 dé ní 1975. Alpha Jet dé ní àwọn ọdún 1980, ẹ́ńjìnnì méjì, kò sí afterburner nínú èyíkéyìí. Òun ló lọ sí Liberia àti Sierra Leone pẹ̀lú ECOMOG. Kainji la mọ̀ ọ́n mọ́. Àwa ará Kwara kò gbọdọ̀ gbàgbé pé títí di 1991, ìpínlẹ̀ Kwara ni Borgu tí Kainji wà nínú rẹ̀. Jaguar ti Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Makurdi. L-39ZA, 24 ní iye, dé ní 1986 sí 1987, ó sì di bàlúù ilé ẹ̀kọ́ ní Kánò. F-7 ti Ṣáínà tẹ̀ lé e. Ní oṣù karùn-ún 2021, wọ́n gba JF-17 mẹ́ta sí Makurdi, bàlúù tí Pakistan àti Ṣáínà jọ ṣe. Ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ ni RD-93, láti iléeṣẹ́ tó ṣì ń jẹ́ Klimov, ìtì rẹ̀ sì ju 8,000 kílò lọ bí afterburner bá ń jó. Láti 1967 títí di 2021, orúkọ kan náà ló tún padà wá.

Ẹ wá ka iye tó wà nínú DCS lára wọn. L-39ZA wà níbẹ̀. JF-17 wà níbẹ̀ láti oṣù kejìlá 2019, iléeṣẹ́ Ṣáínà kan tó ń jẹ́ Deka Ironwork ló ṣe é. Ìyẹn ni pé ọmọ Nàìjíríà tó ní kọ̀ǹpútà ti lè jókòó sínú JF-17 kí ti Nàìjíríà gan-an tó balẹ̀ sí Makurdi. Ó dùn mọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: nínú gbogbo nọ́ńbà tó ń gbé bàlúù wọ̀nyí fò nínú géèmù, kò sí èyí tí a mọ̀ pé ó ti ọ̀dọ̀ wa wá.

Ooru Kánò kò sí lórí páálí

Ẹlòmíì á bèèrè pé, kí ló kàn wá? Ṣé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n wọ̀n níbòmíì kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ni?

Ẹ́ńjìnnì ni. Afẹ́fẹ́ ló yàtọ̀. Nọ́ńbà ìtì tí ẹ ń rí lórí ìwé, ojú ọjọ́ kan tí gbogbo ayé fẹnu kò lé lórí ni wọ́n fi ṣe é: etí òkun, ìgbóná tó jẹ́ digíríì 15. Mélòó nínú yín ló ti rí digíríì 15 ní Òrò? Àfi bóyá òwúrọ̀ kan tí ọyẹ́ bá le gan-an. Pápákọ̀ òfúrufú Ìlọrin wà ní mítà 343 lókè òkun. Ní ọ̀sán oṣù kẹta tí ìgbóná bá dé digíríì 35, afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ fi bíi ìdá 10 nínú 100 dín sí ti orí ìwé. Kánò wà ní mítà 476. Bí ìgbóná bá dé digíríì 40, ó ti dín ní bíi ìdá 13. Àti ẹ́ńjìnnì tó ń tì í àti apá tó ń gbé e sókè, inú afẹ́fẹ́ tó dín yẹn làwọn méjèèjì ti ń wá oúnjẹ. Nítorí náà, bàlúù á sáré pẹ́ lórí ilẹ̀ kó tó gbéra.

Ẹ fi ṣe ìṣirò fún L-39 tó wà ní Kánò. 1,720 kílò ni ìtì rẹ̀ lórí ìwé. Bí a bá yọ ìdá 13 yẹn nìkan, láì tíì ka ìpalára tí ooru fúnra rẹ̀ ń ṣe fún ẹ́ńjìnnì, ó ku nǹkan bíi 1,500. Ohun tó lọ níbẹ̀ ju ìwúwo àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin lọ, nínú bàlúù kékeré tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń wà.

Ọ̀ràn ìdúró tún wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì L-39 kì í yára. Bí ó bá kàn ń mí tí ẹ sì ti ọ̀pá epo dé òpin, ó lè gbà á tó bíi ìṣẹ́jú àáyá 10 kó tó dé agbára rẹ̀. Bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá ń bọ̀ wá balẹ̀ ní 200 kìlómítà ní wákàtí kan, tó rí i pé kò ní dára, tó sì fẹ́ padà sókè, á ti lọ ju mítà 550 kí ẹ́ńjìnnì tó dá a lóhùn. Géèmù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dáhùn lójú ẹsẹ̀ ti kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ tó lè pa á. DCS kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kí L-39 falẹ̀ bó ṣe ń falẹ̀. Ohun tí a ń pè ní òtítọ́ nínú géèmù nìyẹn.

Ẹ lè dán ti ooru wò fúnra yín. Ẹni tó bá ń ṣètò ìrìnàjò nínú DCS lè yí ìgbóná ojú ọjọ́ padà. Ẹ gbé L-39 sórí ilẹ̀ ní digíríì 15, ẹ wo ibi tí táyà rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀. Ẹ wá fi sí digíríì 40, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ óò rí i pé géèmù náà mọ̀ nípa ooru. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni Kánò: nígbà tí à ń kọ èyí, kò sí ilẹ̀ Nàìjíríà lára àwọn ilẹ̀ tí DCS ń tà. Àwọn àgbà ní ẹ̀wù àwọ̀yá, bí kò bá fún ni lápá, á fún ni lọ́rùn. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Fáìlì tó ṣófo

Ní Èsìẹ́, tí kò jìnnà sí Òrò rárá, ère òkúta tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ jókòó sínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn onímọ̀ wá láti ibi gbogbo, wọ́n kà wọ́n, wọ́n yà wọ́n ní fọ́tò. Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò lè fi gbogbo ẹnu sọ ẹni tó gbẹ́ wọn, nítorí ẹni tó mọ̀ ti lọ, kò sì sí ibi tó kọ ọ́ sí. Ti bàlúù wa kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó tún ẹ́ńjìnnì L-39 ṣe ní Kánò, àwọn tó wa Alpha Jet ní Kainji, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì wà láàyè. A ò ní kí ẹnikẹ́ni tú àṣírí ológun. Ohun tí a fẹ́ gbọ́ lẹ́nu wọn kì í ṣe àṣírí: bí bàlúù ṣe ń lọ́ra ní ọ̀sán oṣù kẹrin, ìdí tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ohun tí eruku ọyẹ́ ń ṣe fún ẹ́ńjìnnì.

Ibi tí a lè kó o sí ti wà. FlightGear jẹ́ símúlétọ̀ ọ̀fẹ́ tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, JSBSim sì wà lára àwọn ohun tó ń gbé bàlúù rẹ̀ fò. Fáìlì ẹ́ńjìnnì JSBSim jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán tí ẹ lè fi fóònù kà: orúkọ ẹ́ńjìnnì, ìtì rẹ̀ tó ga jù, àtẹ gíga àti eré kan fún ìgbà tí kò sí afterburner, òmíràn fún ìgbà tó wà. Bí F-16 ṣe wà níbẹ̀, nǹkan míì náà lè wà níbẹ̀. Kò gba owó. Ó gba ẹni tó lè kọ́ ìṣirò díẹ̀, tó sì lè jókòó ti àgbàlagbà kan kó gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Nígbà míì tí àríyànjiyàn bá tún dìde lórí géèmù tó jọ òtítọ́ jù, ẹ bi wọ́n léèrè òtítọ́ ta ni. Ní báyìí, òtítọ́ àga ìdánwò ni, ní digíríì 15, létí òkun ẹlòmíì. Ti Kánò ní digíríì 40 kò tíì ní àtẹ, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ń dàgbà.